Ilé-Ẹyin àti Òfin Ilẹ̀ Sweden
Òfin tí ilẹ̀ Sweden ṣe ní 1972 fàyè gba ènìyàn láti yí àkọsílẹ̀ akọ tàbí abo rẹ̀ padà, bí ó bá ti gbà kí wọ́n sọ òun di aláìlèbímọ. Ṣùgbọ́n ìṣègùn fi hàn pé ènìyàn lè pa agbára ìbímọ mọ́: ní 2004, ní Belgium, obìnrin kan bímọ lẹ́yìn tí wọ́n dá awẹ́ ilé-ẹyin rẹ̀, níbi tí ẹyin ọmọ ti ń gbó, padà sí i lára, èyí tí wọ́n ti gé pamọ́ sínú òtútù líle kí oògùn jẹjẹrẹ má baà bà á jẹ́. Ìmọ̀ yìí wúlò fún àwọn tó yí padà sí ọkùnrin pẹ̀lú, nítorí tẹstọstẹ́rọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò, èròjà tó ń mú irùngbọ̀n hù, sábà máa ń dá nǹkan oṣù dúró láìpa ẹyin run. Sweden fagi lé àṣẹ pé kí wọ́n sọ ènìyàn di aláìlèbímọ náà ní 2013, nígbà tó sì di 2018, ó fọwọ́ sí owó gbà-má-bínú 225,000 kronor fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó kàn.