Bí Orílẹ̀-Èdè Filipínì Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Níṣẹ́ fún Òkèèrè

Ààrẹ Ferdinand Marcos kọ́ ló kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ Filipínì lọ ṣiṣẹ́ ní òkèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òfin. Amẹ́ríkà ni ó gba àwọn erékùṣù Filipínì lọ́wọ́ Spéìnì ní ọdún 1898, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè ilé ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 1906, àwọn ọkùnrin 15 láti ẹkùn Ilocos gúnlẹ̀ sí Hawaii láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké, àwọn sì ni aṣáájú àwọn sakada, ìyẹn àwọn alágbàṣe tí olóko fi ìwé àdéhùn kó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Iloilo ní Filipínì lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ìlànà Amẹ́ríkà kọ́ báyìí ni Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wá ń gbà síṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, pàápàá lẹ́yìn tí ó tún òfin ìwọ̀lú rẹ̀ ṣe ní 1965.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973, tí Sáúdí Arébíà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń wá bíríkìlà, wẹ́dà àti káfíńtà tí yóò bá wọn kọ́ ìlú, Marcos rí ibi tí yóò rán àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1974, ó buwọ́ lu Òfin Iṣẹ́, èyí tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ orí ilẹ̀ àti òmíràn fún àwọn atukọ̀. Ojútùú onígbà díẹ̀ ni wọ́n kà á sí, ṣùgbọ́n gbèsè ìjọba kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀: àṣẹ kan tí ó jáde ní 1982 sọ ọ́ di dandan pé kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá 50 sí 80 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé láti ọwọ́ báǹkì, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò ní tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ní Hong Kong kọ̀ jálẹ̀, ìjọba sì mú ìjìyà náà kúrò ní 1985.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé ojú ọ̀nà yìí. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ni wọ́n pa pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀ka mìíràn ní 1994 láti di TESDA, àjọ tí ń dán akọ́ṣẹ́ wò, tí ó sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí ogun Lẹ́bánónì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn obìnrin tí ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ padà wálé ní 2006, ohun tí ìjọba Ààrẹ Gloria Arroyo ṣe ni pé ó ní kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ sí i, kí wọ́n lè tún lọ fún owó tí ó jù ti tẹ́lẹ̀: ìwé ẹ̀rí TESDA di dandan, owó oṣù kò sì gbọdọ̀ dín sí 400 dọ́là.

Kí ó tó di ìgbà náà, Singapore ti yẹgi fún Flor Contemplacion, obìnrin ará Filipínì kan tí ó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 1995, ìbínú àwọn ará Filipínì sì bí òfin ààbò òṣìṣẹ́ òkèèrè ní oṣù Kẹfà. Òfin náà sọ gbangba pé ìjọba kò fi iṣẹ́ òkèèrè ṣe ọ̀nà ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé, ọ̀rọ̀ tí ìṣe ìjọba kò fìgbà kan jẹ́rìí sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣe òfin tí ó dá odidi ilé iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ òkèèrè nìkan.