Ẹ̀RỌ ÀTI ÌDỌ̀TÍ RẸ̀: LÁTI OJÚ IRIN ÒKUKÙ DÉ ỌKỌ̀ TÒKUNBỌ̀

Ní ọdún 1907 ni ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Òṣogbo. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1908, ó ti gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì ti dé Ìlọrin. Iná àti omi híhó ni ó ń ti ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà. Àwọn tí ń tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí omi bá ti ń hó, èèpá a máa lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò irin rẹ̀. Nítorí náà, wọn kì í dúró kí ó dẹnu kọlẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ìfọ̀ rẹ̀ ní àsìkò. Ó yẹ kí àwọn tí ń wa ọkọ̀ lóde òní tún ẹ̀kọ́ yìí kọ́, nítorí pé ìdọ̀tí mìíràn ti dé, ibi tí ó sì fara pamọ́ sí kò hàn sí ojú.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tí ń lo kábúrétọ̀ ni ó wọ́pọ̀ jùlọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti kọ́ṣẹ́. Kábúrétọ̀ ni ó ń po pẹtiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́. Àdàpọ̀ náà a sì gba ẹ̀yìn fáàfù, èyí tí í ṣe ilẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí tí ó sì ń padé, kí ó tó wọ ibi tí epo ti ń jó. Nígbà tí nọ́súlù gba ipò kábúrétọ̀, ẹ̀yìn fáàfù kan náà ni ó ń fọ́n epo sí. Báyìí ni epo ṣe ń wẹ fáàfù nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin tilẹ̀ pa á láṣẹ láti ọdún 1995 pé kí wọ́n máa fi èròjà tí ń fọ ìdọ̀tí sínú pẹtiróòlù.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í dúró sójú kan. Mercedes-Benz ti gbé ọkọ̀ 300 SL jáde ní ọdún 1954, tí nọ́súlù rẹ̀ ń fọ́n epo tààrà sí ibi tí epo ti ń jó. Owó ọkọ̀ náà ga, ọgbọ́n náà kò sì tètè tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1996, Mitsubishi ti ilẹ̀ Jàpáàn gbé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ jáde fún ọkọ̀ tí ará ìlú lè rà, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń darí rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Èrè rẹ̀ ni pé epo díẹ̀ ń fúnni ní agbára púpọ̀. Àdánù rẹ̀ ni pé epo kò kan ẹ̀yìn fáàfù mọ́. Ìwẹ̀ ti dópin.

Níbo wá ni ìdọ̀tí náà ti ń wá? Láyé àtijọ́, ojú títì ni èéfín ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde sí. Nígbà tí kùrukùru èéfín bo ìlú Los Angeles, ìpínlẹ̀ California pàṣẹ ní ọdún 1961 pé kí ọkọ̀ tuntun máa dá èéfín yìí padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè jó níbẹ̀. Ó ṣe afẹ́fẹ́ ìlú ní oore. Ṣùgbọ́n èéfín náà gbé ẹ̀kán ọ́ìlì lọ́wọ́. Bí ó bá ti bà lé fáàfù gbígbóná, a gan mọ́ ọn bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tí ó jóná. Oore méjì pàdé, wọ́n sì bí ìṣòro kan. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀: ọkọ̀ yóò kàn máa gbọ̀n ní òwúrọ̀, agbára rẹ̀ yóò dínkù, yóò sì máa mu epo.

Irú ọkọ̀ tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dé ojú ọ̀nà Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n a ra òògùn olómi, wọ́n a dà á sínú táǹkì. Òògùn náà lè fọ nọ́súlù, ṣùgbọ́n kò lè dé ẹ̀yìn fáàfù tí epo kì í kàn. A kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ọ̀dọ̀ ọ́ìlì ni ìdènà ti bẹ̀rẹ̀: ọ́ìlì gidi tí kì í tètè di ooru, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Ó tún yẹ kí wọ́n yẹ rọ́bà ìdí fáàfù wò, kí ọ́ìlì má baà máa jò gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn mìíràn ń de agolo tí ń gba ẹ̀kán ọ́ìlì sílẹ̀ kí èéfín tó padà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa dà á nù. Bí ìdọ̀tí bá ti gan, mẹkáníìkì yóò tú ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, yóò sì fi ẹ̀rọ fẹ́ èèpo wọ́ńọ́tì tí wọ́n lọ̀, èso tí ó jọ asálà, lu fáàfù títí yóò fi mọ́. Ní ọdún 2005 ni Toyota ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríṣi nọ́súlù méjì sí ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀kan nínú wọn sì ń dá ìwẹ̀ fáàfù padà.

Ìtàn yìí kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gidigidi. Ọmọṣẹ́ tí ó mọ ọwọ́ iṣẹ́ kábúrétọ̀ nìkan yóò máa tú ohun tí kò bàjẹ́, oníbàárà rẹ̀ ni yóò sì san owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí wọ́n fi yí ẹ̀rọ padà ni yóò mọ ibi tí ìdọ̀tí rẹ̀ ṣí lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.