Ta Ló Láṣẹ Lórí Omi Wa?

Láyé àwọn baba wa ní Ìyè-Èkìtì, bí ọ̀rọ̀ odò bá dá ìjà sílẹ̀, àwọn àgbà la máa ń bi. Lọ́dún 1993, òfin ológun nọ́ńbà 101 gbé àṣẹ lórí omi tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ fún ìjọba àpapọ̀. A ṣì lè pọn omi ilé lódò gbogboogbò lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fa omi ṣòwò gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ.

Àwọn àgbà wà nítòsí. Ìwé àṣẹ wà ní ọ́fíìsì tó jìnnà. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 ní kí wọ́n dá ẹni tó bá béèrè lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Ó dáa, ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa béèrè ìwé tí a ò mọ̀ pé ó wà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó gbàwé mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀. Omi ò lọ́tàá. Ìwé ìkọ̀kọ̀ ló ń dá ọ̀tá sílẹ̀.