Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ àti àmì abẹ́ rẹ̀

 Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí léèrè pé fọ́ǹtì wo ni kí òun fi tẹ ìwé òun. Ìdáhùn mi á bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádárìgì.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Samuel Crowther, Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ síbẹ̀. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jáde ní 1843. Ó wà ní Àgbádárìgì títí di 1846 kó tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀ ni pé àwọn òyìnbó ti rọ lẹ́tà òjé fún èdè tiwọn. Níbo la ó ti rí ẹ, ọ àti ṣ?

Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń tẹ ìwé nígbà náà: lẹ́tà tí ọ̀pá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kékeré lókè àti nísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Róòmù gbẹ́ sára òkúta. Ó dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ẹ ńlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú àwọn ìwé wa àtijọ́, ọ̀pá kékeré ni wọ́n máa ń fi sábẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, á dà bí ẹni pé lẹ́tà náà hu ẹsẹ̀ kẹta. Àpérò Èkó ní 1875 fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé wa múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpàdé kì í rọ òjé.

Kọ̀ǹpútà dé, wàhálà ò tán. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Tí kò bá mọ̀ ọ́n so, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á wá di ọ̀kan náà: ọkọ ìyàwó á di ọkọ̀ ojú omi!

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Gentium. Victor Gaultney ló yà á, ní Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí ìṣòro yíya àmì sára lẹ́tà. Orúkọ náà wá láti inú èdè Látìn: "ti àwọn orílẹ̀-èdè." Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ tó lẹ́wà ni, ara rẹ̀ jọ ìkọ̀wé gègé, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àmì lókè àti nísàlẹ̀. SIL ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, fún ìwé títà pàápàá.

Nítorí náà, ọmọ mi, kó o tó yan fọ́ǹtì kankan, kọ́kọ́ tẹ Ẹ̀, ọ́, ṣ àti m̀ sójú ìwé. Lẹ́tà tí kò bá lè gba àmì wa mọ́ra, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́wà tó, aṣọ tí wọn ò wọ̀n mọ́ wa lára ni.