Àwọn Òkè Ayọnáyèéfín Alásà Lójú Òṣùpá

Òkè ayọnáyèéfín alásà ni èyí tí àpáta yíyọ́ ń tú jáde láti agbègbè kan náà, tó ń gorí ara rẹ̀ títí tó fi rí pẹrẹsẹ bí asà tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mauna Loa ní Hawaii ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ó pẹ́ táwọn onímọ̀ ti ń sọ pé òṣùpá kò ní irú rẹ̀ tó tóbi, àlàyé wọn sì nídìí: àpáta yíyọ́ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ, ó sì ń tú jáde lọ́pọ̀ yanturu, nítorí náà ṣe ló ń ṣàn lọ jìnnà dípò kó di òkìtì. Ẹ̀rí wọn ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú tá à ń fojú lásán rí lójú òṣùpá, tó gba nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 2013, onímọ̀ nípa òṣùpá, Paul Spudis, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì yẹ gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú Lunar Reconnaissance Orbiter ti Amẹ́ríkà fi lésà wọ̀n wò, wọ́n sì ní òkè alásà ńlá mélòó kan wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀wọ̀n lójú tèmi. Ẹ wo Mons Rümker: ó fẹ̀ tó kìlómítà 70, gíga rẹ̀ kò sì ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń gùn ún yóò rìn tó mítà 30 kó tó fi mítà kan ga sí i. Kò yani lẹ́nu pé àwòrán lásán kò fi í hàn. Ẹ̀rí ti Marius Hills, òmíràn nínú wọn, tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ lọ salalu ni ọ̀pọ̀ òkè kéékèèké wà, tí ẹ̀gbẹ́ wọn dagun ju ti ìdí náà lọ. Ìdí ló kọ́kọ́ wà, nígbà tí àpáta yíyọ́ ṣì ń ya jáde. Nígbà tí orísun ń gbẹ, díẹ̀díẹ̀ tó ń jáde kò lè rìn jìnnà mọ́, ló bá ń kó jọ sí ẹnu ihò.

Àwọn kan á ní kò sí kòtò ńlá lórí àwọn òkè òṣùpá wọ̀nyí bíi ti Mauna Loa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú àgbá àpáta yíyọ́ tó wà nítòsí òkè ilẹ̀ ni irú kòtò bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nígbà tí àgbá náà bá ṣófo tó sì wó. Ti òṣùpá ń ti ìsàlẹ̀ jíjìn gòkè tààrà ni. Àtakò tó le jù ni pé bóyá ilẹ̀ ló ti wú tẹ́lẹ̀, tí àpáta yíyọ́ kàn wá bò ó. Ó ṣeé ṣe fún àwọn kan nínú wọn, àmọ́ kò ṣàlàyé ìdí tí ẹnu ihò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí Marius, tí ìwọ̀n agbára òòfà òṣùpá sì fi hàn pé ohun wíwúwo wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 2020, ọkọ̀ òfuurufú Chang'e 5 ti Ṣáínà bà sítòsí Rümker, ó sì kó àpáta tó wọn kìlógíráàmù 1.7 wálé, ọjọ́ orí àpáta náà tó bílíọ̀nù ọdún 2, ṣùgbọ́n ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ti òkè fúnra rẹ̀.