Keshi: Ó Gba Ife Lẹ́ẹ̀mejì, Àga Rẹ̀ Kò Dúró

Ẹni tó mọ ijó jó pọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jó tó sì mọ̀ ọ́n kọ́ni ló ṣọ̀wọ́n. Irú wọn ni Stephen Keshi.

Azare ni wọ́n bí i sí ní 1962, ṣùgbọ́n St. Finbarr's l'Ákọkà níbí ló ti kàwé. Ní 1985, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ní kó lọ rọ́kún nílé. Kò káwọ́ gbera: ó gba Abidjan dé Belgium, ó gbá fún Anderlecht, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Òun ni kápítéènì nígbà tá a gba Ife Áfíríkà ní 1994.

Ó wá di kóòṣì. Togo tí kò dé Ife Àgbáyé rí, òun ló mú wọn yege fún ti 2006. Kí wọ́n tó gbéra lọ sí Jámánì, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Otto Pfister, òyìnbó. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó gbin iṣu kọ́ ló jẹ ẹ́.

Ní 2011, Nàìjíríà pè é. Ó mú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé mọ́ àwọn ti òkè òkun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé yìí, Sunday Mba, ló gbá góòlù kan ṣoṣo tá a fi na Burkina Faso ní 2013. Lẹ́yìn El-Gohary ará Íjíbítì, Keshi ni ẹni kejì tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti kóòṣì. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mínísítà ló pẹ̀tù sí i nínú.

Ọdún 2016 ló kú, ẹni ọdún 54. Ìyìn rọ̀jò lórí òkú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa yin tiwa nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.