Olú Huautla àti Gbèsè Tí A Jẹ María Sabina

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ apòògùn, orúkọ Albert Hofmann, onímọ̀ kẹ́míkà, ni wọ́n kọ́ wa pé ó yọ psilocybin, èròjà tó ń mú ènìyàn rí ìran, lára olú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Sandoz ní Basel, níbi tó ti ṣiṣẹ́, kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Huautla de Jiménez ni, ìlú àwọn Mazatec lórí òkè Oaxaca ní Mẹ́síkò.

Níbẹ̀ ni María Sabina, obìnrin oníṣègùn Mazatec, ti ń fi olú tọ́jú aláìsàn lóru. Á fi èéfín tùràrí fín olú náà tàdúràtàdúrà, á pín in ní méjì-méjì fún àwọn tó jókòó, á pa àbẹ́là, á sì máa kọrin títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Àìsàn ló ń gbé ènìyàn débẹ̀, kì í ṣe fàájì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1955, ó gba Gordon Wasson, ọ̀gá kan ní báńkì J.P. Morgan, láyè láti bá wọn jẹ ẹ́. Ní 1957, Wasson kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Life.

Roger Heim, onímọ̀ nípa olú, hu olú náà ní Paris, ó fi ránṣẹ́ sí Hofmann. Hofmann fúnra rẹ̀ jẹ olú gbígbẹ 32 kó lè mọ agbára rẹ̀; ní 1958, ó kéde psilocybin. Bí èyí bá wọnú ara, ara á yọ phosphate kúrò lára rẹ̀, á di psilocin, òun ló ń wọ ọpọlọ. Ó jọ serotonin tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, nítorí náà ó ń so mọ́ ibi tí serotonin máa ń so mọ́, pàápàá èyí tí à ń pè ní 5-HT2A. Ní 1998, Franz Vollenweider àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zurich kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn ní ketanserin tó ń dí ibẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n wá fún wọn ní psilocybin, kò rí wọn gbé ṣe.

Ní 1962, Hofmann gbé oògùn oníhóró psilocybin lọ bá María Sabina. Ó lò ó, ó ní agbára kan náà ni pẹ̀lú olú.

Àmọ́ látìgbà ìròyìn Life ni àlejò ti ya bo Huautla. Ọlọ́pàá ń yọ María Sabina lẹ́nu, àwọn kan sun ilé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé agbára olú ti dínkù látìgbà tí àwọn àjèjì ti dé. Ó kú ní 1985.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìmọ̀ oògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dárúkọ obìnrin yìí ṣáájú Hofmann.